Bàbá Mi Kò Yìnbọn Rí

Bàbá tó bí ìyá mi ni mo ṣe fíìmù lé lórí. Bàbá Bọ́mà ni gbogbo àdúgbò wa ní Kábà ń pè é, torí ó wà lára àwọn tí ìjọba òyìnbó kó lọ sógun Bọ́mà (Myanmar òde òní), tó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé padà. Nígbà tó dé, ó kọ́ṣẹ́ awakọ̀, ó sì wa bọ́ọ̀lẹ̀kájà láti Kábà sí Lọ́kọ́jà àti Òkéné títí ojú rẹ̀ kò fi ríran dáadáa mọ́. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tó kú ní 1983. Nǹkan méjì ni mo rántí nípa rẹ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi: òórùn tábà inú aṣọ rẹ̀, àti ojú kan láàárín orí rẹ̀ tí irun kì í hù, tó ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Àwa ọmọdé a máa fọwọ́ kàn án. Kì í lé wa.

Mo kọ èyí fún ẹnikẹ́ni tó bá ń gbèrò láti ṣe fíìmù nípa ẹni tó ti wà láyé rí, ìbáà jẹ́ ọba, ìbáà jẹ́ pásítọ̀, ìbáà jẹ́ ìyá rẹ̀. Owó tí mo fi kọ́gbọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí ju owó lọ ni pé mo fi fíìmù náà dá ọgbẹ́ sọ́kàn ẹ̀gbọ́n ìyá mi, bẹ́ẹ̀ tìtorí rẹ̀ gan-an ni mo ṣe é.

Ní 2018, mo ti lo ọdún mọ́kànlá nídìí iṣẹ́ fíìmù ní Ìlọrin àti Èkó. Mo ń kọ ìtàn fún àwọn olùdarí, mo sì ń bá wọn dúró ti kámẹ́rà. Ọkàn mi balẹ̀ pé iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ ìtàn Bàbá nínú yàrá mi ní Ìlọrin. Ìyá mi ti kú nígbà yẹn. Ohun tí mo rántí nínú ìtàn tó máa ń sọ fún wa lálẹ́ ni mo kọ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo pe Màmá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé ní Kábà. Mo ní, "Màmá, mo fẹ́ ṣe fíìmù Bàbá o." Ó súre fún mi títí. Ó wá béèrè pé, "Ṣé wàá fi ti orí rẹ̀ sí i?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà." N kò mọ ohun tó ń sọ. Mo rò pé orí rere ló ń sọ, orí tó kó Bàbá yọ lójú ogun. N kò sì béèrè.

Nígbà tí mo bá yẹ ìwé ìtàn yẹn wò lónìí, mo máa ń rí orísun gbogbo àṣìṣe wa. Lókè ìran kọ̀ọ̀kan, "láyé àtijọ́" ni mo kọ. Ìran ogun, láyé àtijọ́. Ìran òmìnira, láyé àtijọ́. Ìran ìgbà tí Bàbá ń darúgbó lọ, láyé àtijọ́ náà ni. Bí ẹni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni 1943 títí dé 1975, tí gbogbo ènìyàn wọ aṣọ kan náà, tí wọ́n ná owó kan náà, tí wọ́n rìn lójú ọ̀nà kan náà. Àwa tí a bí lẹ́yìn ìgbà náà la máa ń rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé inú rẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀ rárá. Lójú Màmá, ayé tí wọ́n ń ná ṣílè yàtọ̀ sí ayé tí wọ́n ń ná náírà bí òjò ṣe yàtọ̀ sí ẹ̀ẹ̀rùn.

A bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù ní oṣù Kejì 2019. Ìran ogun la kọ́kọ́ yà, nínú igbó kan lápá Bùnú. Ìbọn tí mo rí yá lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ohun èlò fíìmù ṣòwò ni AK-47. N kò tilẹ̀ ronú sí i. Nọ́ńbà inú orúkọ ìbọn náà, 1947 ló ń tọ́ka sí, bẹ́ẹ̀ ogun tí Bàbá lọ ti parí ní 1945. Lee-Enfield ni ìbọn àwọn ọmọ ogun òyìnbó nígbà náà, èyí tó jẹ́ pé lẹ́yìn ọta kan, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa irin rẹ̀ sẹ́yìn kí òmíràn tó lè wọlé. Àwọn òṣèré mi kàn di ìbọn mú, wọ́n ń rọ̀jò ọta bí àwọn tó wà nínú fíìmù Amẹ́ríkà. Aṣọ tí a wọ̀ fún wọn jẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewéko tí sójà òde òní ń wọ̀, pẹ̀lú bẹ́rẹ́tì tó ní ẹyẹ idì níwájú. Ọ̀pẹ ni àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láyé òyìnbó, kì í ṣe idì. Dífíṣọ̀n 81, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Bàbá bá lọ, sì ní àmì tirẹ̀ ní apá aṣọ: aláǹtakùn.

Èyí tó tún burú ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Mo kọ ọ́ sí ọ̀gá wọn lẹ́nu pé àwọn ọmọ ogun Hítílà ti yí wọn ká. Ogun Hítílà ni àwọn àgbà wa ń pe gbogbo ogun yẹn, orúkọ yẹn ni mo sì tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n àwọn ará Jàpáánù ni wọ́n bá jà ní Bọ́mà. Kò sí Jámánì kankan nínú igbó yẹn.

Nígbà tó kan ìran ọkọ̀, a rí bọ́ọ̀lẹ̀kájà àtijọ́ kan yá, pátákó ara rẹ̀ ṣì dáa, a kùn ún ní ọ̀dà tuntun, inú mi dùn. Ìran náà yẹ kó jẹ́ 1955. Bàbá arúgbó kan tó ni ilé tí a dúró sí iwájú rẹ̀ jáde wá, ó yí ọkọ̀ náà po, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, sítíárìn ọkọ̀ yìí ńkọ́?" Mo rò pé ó ń béèrè bóyá ó dúró dáadáa. Mo ní, "Ó dáa, Bàbá, ẹ ṣeun." Oòrùn ti ń wọ̀, mo sì ń bẹ̀rù kí ìmọ́lẹ̀ má bàa lọ. Ó tún la ẹnu, mo sì sọ fún ẹni tó ń mú kámẹ́rà pé ká máa bá iṣẹ́ lọ. Bàbá náà padà wọlé. Ìkánjú ọjọ́ yẹn ṣì ń dùn mí. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń gbìyànjú láti gbà mí sílẹ̀, mo sì dá a lóhùn bí ẹni tí kò ní àkókò.

Àwọn ohun kékeré mìíràn wà tí mo rí nígbà tí a ń yà á, tí mo sì fojú fò. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì yọrí lórí òkè lẹ́yìn Bàbá. Obìnrin kan gbé kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò lọ odò ní ọdún 1946, nígbà tó jẹ́ pé garawa tàbí ìkòkò ló yẹ kó gbé. Bíbélì tí pásítọ̀ gbé dání ní síìpù. Níbi tí wọ́n ti ń san owó fún Bàbá nígbà tó ti ogun dé, a kò rí owó àtijọ́, a bá kó ọgọ́rùn-ún náírà jọ, èyí tí àwòrán Awólọ́wọ̀ wà lára rẹ̀. Mo sọ fún ẹni tó ń mójú tó ẹrù pé kó ká a mọ́wọ́, pé kò sẹ́ni tó máa rí i láti ọ̀nà jíjìn. Mò ń fi fóònù wo àwòrán náà ni, n kò ronú nípa ogiri funfun gbọ̀ngàn.

Ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì 2019, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú ti wálé, la gbé fíìmù náà jáde fún àwọn ẹbí àti ará àdúgbò nínú gbọ̀ngàn kan ní Kábà. Mo fi Màmá sí àga iwájú. Ó wọ aṣọ òkè rẹ̀ tó dáa jù. Ẹni ọdún 79 ni nígbà náà.

Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ kò tíì pé tí ìkùnsínú ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti fi ohùn kan ṣíde fíìmù náà pé ní 1914, ìyàwó Lugard sọ orílẹ̀-èdè wa ní Nàìjíríà. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tó jókòó níbẹ̀ ní ìtàn, mirí. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé inú fíìmù tò sórí ìlà láti kọrin ní ọjọ́ òmìnira, 1 oṣù Kẹwàá 1960, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ "Arise, O compatriots", ẹ̀rín sọ láti ẹ̀yìn. 1978 ni orin yẹn dé. "Nigeria, we hail thee" ni wọ́n kọ ní 1960, èyí tí ìjọba tún dá padà ní 2024. Àwọn ọmọ tí mo kó jọ kò mọ̀ ju èyí tí wọ́n ń kọ nílé-ìwé wọn lọ, èmi náà kò sì mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ fara hàn lára owó 1946, ẹ̀rín náà di ariwo. Àwọn ọ̀dọ́ ń pàtẹ́wọ́.

Ìran ogun dé. Òṣèré tó ṣe Bàbá dúró lórí àpáta, irun orí rẹ̀ kún, ó ń yìnbọn, àwọn ọ̀tá ń ṣubú. Mo ti rò pé ibí yìí ni orí Màmá máa wú. Ó dìde. Kò pariwo. Ó yíjú sí mi níbi tí mo dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó ní, "Bàbá mi kò yìnbọn rí." Ó mú ìborùn rẹ̀, ó jáde. Àwọn àgbà mẹ́rin tẹ̀ lé e. Fíìmù náà ń lọ lójú ogiri, kò sẹ́ni tó ń wò ó mọ́.

Kò wá jẹun ní ilé wa ní ọjọ́ Kérésì. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un, ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó lè lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó jẹ́ kí n kúnlẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Mo bi ọ́ léèrè, o ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ṣé wàá fi ti orí rẹ̀ sí i." Ó gbé ọwọ́ lé àárín orí ara rẹ̀. "Ẹrù ni wọ́n fi rù ú. Orí ni bàbá mi fi lọ sógun."

Níbẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí ojú tó ń dán yẹn jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo wá kà nípa rẹ̀. Wọ́n dá dífíṣọ̀n 81 sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1943, wọ́n sì gbé wọn gba orí òkun lọ sí Íńdíà lọ́dún náà. Apá ibi tí wọ́n rán wọn lọ ní Bọ́mà ni àfonífojì odò Kaladan, ibi tó jẹ́ òkè àti igbó, tí mọ́tò kò lè gbà. Ọkọ̀ òfurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn láti òkè. Nígbà tí ẹrù bá ti balẹ̀, ènìyàn ló máa gbé e. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó àwọn aláàárù dání láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn tí kò di ìbọn mú, tí wọ́n ń fi orí ru ọta, oúnjẹ àti ohun èlò gun òkè. Bàbá wà lára wọn. Ó rí ikú bí àwọn tó ní ìbọn ṣe rí i, kò sì ní ohunkóhun lọ́wọ́. Èmi wá gba ẹrù kúrò lórí rẹ̀, mo gbé ìbọn lé e lọ́wọ́ kí ó lè dà bí akọni. Mo mú iṣẹ́ tó ṣe kúrò, mo fún un ní iṣẹ́ tí kò ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé fíìmù kì í ṣe ìwé ìtàn, pé ẹ jẹ́ kí olùdarí ṣe é bó ṣe wù ú. Mo gbà dé ibì kan. Kò sẹ́ni tó gba ohùn Bàbá sílẹ̀ ní 1944. Dandan ni kí n dá ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀ fún un. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì tó bá a lọ sógun, mo pa wọ́n pọ̀ di ẹnì kan kí ìtàn má bàa gùn jù, mo sì sọ fún ìdílé méjèèjì. Ìyẹn kò dun ẹnikẹ́ni. Fíìmù ńlá tí wọ́n ṣe nípa William Wallace ti Skọ́tlándì, Braveheart, tó jáde ní 1995, fi ogun Stirling Bridge ti 1297 hàn láìsí afárá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ afárá yẹn gan-an ló jẹ́ kí àwọn ará Skọ́tlándì borí, torí ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀tá lè gbà kọjá lórí rẹ̀. Fíìmù náà tún jẹ́ kí Wallace bá ọmọ ọba Faransé kan tó ń jẹ́ Isabella lò pọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọmọdé ló ṣì wà ní Faransé nígbà tí wọ́n pa Wallace ní 1305. Ẹni tó bá yọ afárá ti yọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣẹ́gun. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe yọ ẹrù orí. Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò máa ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Àṣìṣe bíi ti ẹrù orí ló ń mú ọmọ olóògbé dìde jáde.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ti kẹ́ẹ̀gì kò ṣe pàtàkì. Àwọn ìran òótọ́ wà nínú fíìmù mi: àrùn ibà tó ṣe Bàbá nínú ọkọ̀ ojú omi, bí ìyá àgbà kò ṣe dá a mọ̀ nígbà tó dé. Kò sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni tó ti rí Awólọ́wọ̀ lára owó 1946 kò tún ní gba omijé tó tẹ̀ lé e gbọ́.

Tíṣà àgbà tó mirí yẹn ló ràn mí lọ́wọ́ jù. Ó ti kọ ojú ìwé mẹ́ta kún nígbà tí mo dé ilé rẹ̀. Ó ní Flora Shaw dábàá orúkọ Nàìjíríà nínú ìwé ìròyìn The Times ní oṣù Kìíní 1897, ọdún 1902 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ Lugard, 1914 sì jẹ́ ọdún tí wọ́n da Gúúsù àti Àríwá pọ̀. "Ẹ̀yin ọmọ apá ibí yìí ló yẹ kẹ́ ẹ mọ èyí jù," bẹ́ẹ̀ ló wí. "Lọ́kọ́jà níbí ni Lugard ti gbé àsíá òyìnbó sókè ní 1 oṣù Kìíní 1900." Ó tún fa ìlà sábẹ́ ibi tí D.O. inú fíìmù mi, òyìnbó tó ń ṣàkóso àgbègbè wa, ti sọ pé "ẹ̀yin ará Kogí". Kábà wà lábẹ́ Kabba Province ní Àríwá nígbà náà. 1967 ni a wọ ìpínlẹ̀ tó di Kwara, 27 oṣù Kẹjọ 1991 ni wọ́n sì dá Kogí sílẹ̀. Bákan náà, òṣèré wa tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn ń wọlé, ó ń kí àwọn ènìyàn "ẹ kúulé o" káàkiri. Tíṣà ní, "Ta ló ń kí báyìí ní Kábà? Òkun ńkọ́?" Ìkíni tí wọ́n fi ń dá gbogbo wa mọ̀, láti Yàgbà dé Ìjùmú, dé Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, kò sí nínú fíìmù tí ọmọ Kábà ṣe nípa Kábà. Ìyẹn tì mí lójú ju ti ìbọn lọ.

Lẹ́yìn èyí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìtàn náà kọ kí n lè tún fíìmù náà yà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan tó dára ya. Mo kà á pé 1 oṣù Kìíní 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ dé, mo bá pa "kọ́bọ̀" rẹ́ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré. Tíṣà ní kí n dá wọn padà. Kí náírà tó dé ni Yorùbá ti ń pe pẹ́nì ní kọ́bọ̀; kọ́bọ̀ méjìlá ló wà nínú ṣílè kan, ogún ṣílè ló wà nínú pọ́n-ùn kan, tọ́rọ́ jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ta, sísì jẹ́ mẹ́fà. Orúkọ tó wà lẹ́nu wa ni wọ́n mú fún owó tuntun. Ó gbé pẹ́nì kan tó ní ihò láàárín jáde láti inú agolo, ó fi lé mi ní àtẹ́lẹwọ́. Ó fúyẹ́, ihò rẹ̀ ti dán nítorí okùn tí wọ́n ń fi sín in. Látìgbà yẹn, n kì í kọ ìran tí wọ́n ti ń náwó láìjẹ́ pé mo ti di owó ìgbà náà mú.

Mo tún fi àkókò ṣòfò. Mo ti lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn torí pé Yorùbá ni wá, kí n tó mọ̀ pé Kàdúná ni ìwé Kabba Province wà, nítorí Àríwá ni wọ́n kà wá mọ́. Kòrónà dé ní 2020, ohun gbogbo dúró. Ní 2021, ọ̀nà Kàdúná ń ba ènìyàn lẹ́rù, mo bá wọ reluwé láti Àbújá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò. N kò rí orúkọ Bàbá, ṣùgbọ́n mo rí bí àwọn aláṣẹ ṣe ń kọ̀wé, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ìlú wa, mo sì tún gbogbo ọ̀rọ̀ D.O. kọ.

Ìwé ìtàn tuntun náà kò ní "láyé àtijọ́" kankan. Ọdún àti oṣù ló wà lórí ìran kọ̀ọ̀kan, mo sì gbé e lọ fún ẹni tó wà láyé lọ́dún náà. Mo kọ́ bí a ṣe ń béèrè. Tí o bá bi àgbàlagbà pé "Báwo ni ayé ṣe rí nígbà náà?", yóò sọ fún ọ pé ayé dára. Bi í pé, "Nígbà tẹ́ ẹ ń lọ odò láàárọ̀, kí lẹ gbé lórí? Kí lẹ fi dì í? Ta ló ń ké lójú ọ̀nà?" Á dákẹ́ díẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni mo bi Màmá nípa ọkọ̀. Mo ti wá mọ ohun tí bàbá arúgbó ọjọ́sí fẹ́ sọ: láyé 1955, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà, apá ọ̀tún sì ni sítíárìn wà. Ọkọ̀ tèmi ní sítíárìn lápá òsì, ó sì ń gba ọwọ́ ọ̀tún. 2 oṣù Kẹrin 1972 ni ìjọba yí i padà. Mo kàn fẹ́ kí Màmá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni. Ó ní, "Ọjọ́ Àjíǹde ni." Mo ṣí kàlẹ́ńdà 1972 lórí fóònù mi, òótọ́ ni.

Ó ní lálẹ́ Sátidé, Bàbá gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi ọ̀dán, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Lọ́jọ́ Àìkú, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ìsìn parí, kò wálé. Wọ́n bá a lórí òkúta kan lẹ́bàá títì, tó ń wo àwọn ọkọ̀ díẹ̀ tó ń kọjá lápá kejì, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì yí sítíárìn tí kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ Tuesday ló tó gbé ọkọ̀ jáde. Nítorí pé apá ọ̀tún ló jókòó sí, tó sì ń gba ọwọ́ ọ̀tún, kò lè rí ohun tó ń bọ̀ níwájú tó bá fẹ́ ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀. Kọ́ńdọ̀ rẹ̀ tó jókòó lápá òsì ló di ojú rẹ̀, tó ń ké "Ó dá!" tàbí "Ó ń bọ̀ o!" títí wọ́n fi dé Òkéné. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni kọ́ńdọ̀ náà. Bàbá fi ẹ̀mí gbogbo èrò inú ọkọ̀ lé ohùn rẹ̀ lọ́wọ́.

Kò sí ìran kankan nínú fíìmù àkọ́kọ́ tó dára tó èyí, èmi kò sì lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀ láti inú orí mi. Nínú àgbàlá kan ní Ìsánlú la ti rí Bedford kan tí sítíárìn rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú tipẹ́. A fà á dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, a jẹ́ kó máa yí bọ̀ fúnra rẹ̀, a wá fi ìró ẹ́ńjìnnì sí i lẹ́yìn. Kámẹ́rà wà nísàlẹ̀, ó kọjú sókè sí ojú ọ̀run níbi tí kò sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ìran Bọ́mà la fi parí iṣẹ́, ní oṣù Kẹjọ 2022, nígbà tí igbó ti dí tí ilẹ̀ sì ń yọ̀. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ òṣèré náà. Àpótí igi méjì la dì fún un. A ti ka aṣọ kan ní òṣùká fún un, a sì ti múra láti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Màmá sọ̀ kalẹ̀ láti inú mọ́tò. A kò retí rẹ̀. Ó wo òṣùká náà lórí òṣèré, ó ká a kúrò, ó tú u. Ó ní bàbá òun máa ń ṣe tirẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju iwájú lọ, torí tí ènìyàn bá ń gun òkè, ẹ̀yìn ni ẹrù ń fẹ́ wó sí. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ wọn láti máa ká a tí wọ́n bá ń lọ sóko. Ó jókòó sórí àpótí, ó ká aṣọ náà lórí orúnkún rẹ̀, ó fún un, ó tún un ká. Ó ní kí ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀. Ó gbé e lé e ní àárín orí gan-an, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó sún sẹ́yìn, ó wò ó. Ó tún padà wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó ní, "Ó yá, ẹ gbé e rù ú."